Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Àyẹ̀wò Àkọlé Iṣẹ́ Ọnà Yorùbá Nínú Mùsíọ́mù

Ní ọdún 1910, ọkùnrin ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius dé sí Ìbàdàn. Ó mú ayàwòrán kan lẹ́yìn, Carl Arriens ni orúkọ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń kiri láti agbo ilé dé agbo ilé, wọ́n wọ ojúbọ Ṣàngó tí ó wà ní Agbeni, ní àárín Ìbàdàn àtijọ́. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu: òpó gbígbẹ́ tò lọ rẹrẹ, ère ènìyàn sì wà lára wọn. Arriens mú ọ̀dà, ó yà á. Àwòrán náà wà nínú ìwé tí Frobenius tẹ̀ jáde ní èdè Jámánì ní 1912, tí a sì túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1913. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a kọ lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá láti ìgbà náà ni ó ti tún un tẹ̀.

Mo ti wo àwòrán yìí títí, ó sì dùn mọ́ mi láti wò ó. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò lè fèsì. Ta ni ó gbẹ́ àwọn òpó wọ̀nyí? Ọmọ Ìbàdàn ni agbẹ́gilére náà, tàbí ogun ni ó lé e wá láti ìlú mìíràn? Ta ni ó bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́, kí sì ni ó san fún un? Orúkọ wo ni àwọn adóṣù Ṣàngó ń pe ère kọ̀ọ̀kan? Ayàwòrán náà rí òpó, kò gbọ́ orúkọ.

Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, a máa ń ṣe lámèyítọ́ ìtàn àròsọ, ewì àti eré oníṣe. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìwé kan wà tí a kì í sábà kà sí ìwé rárá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kà nípa Yorùbá ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Èyí ni àkọlé, ìwé pélébé tí a ń lẹ̀ sí ẹsẹ̀ ère nínú mùsíọ́mù. Mo fẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ ewì wò, kí a sì bèèrè ohun tí ó sọ, ohun tí kò sọ, àti ìdí rẹ̀. Kò sí bí a ó ti ṣe èyí tí a kò ní sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ìtọ́jú fúnra rẹ̀, nítorí pé inú ìwé tí olùtọ́jú kọ ní ọjọ́ tí ohun kan wọlé ni àkọlé ti ń jáde.

Ìtọ́jú ti agbo ilé

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa láti tọ́jú iṣẹ́ ọnà. Ìbàdàn tí àwọn ọmọ ogun tẹ̀ dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829 jẹ́ ìlú agbo ilé. Ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní ẹ̀yìn òkè Mápó, ní Bẹyẹrúnká, bí ènìyàn bá wọ agbo ilé àtijọ́ kan, ìtàn tí yóò gbọ́ ni ti jagunjagun tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, ibi tí ó ti wá, òrìṣà tí ó gbé wá àti egúngún tí ó ń bọ. Àwọn ohun wọ̀nyí ní ara, ara a sì máa fẹ́ ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀kú egúngún. Inú yàrá ni ó ń gbé, ẹni tí ìdílé yàn ni ó ń ṣọ́ ọ. Bí ọdún bá ń bọ̀, a ó gbé e jáde, a ó yẹ ibi tí eku ti jẹ wò, a ó sì rán aṣọ tuntun mọ́ ògbólógbòó. Ẹni tí Ọlọ́run ṣe lóore ní ọdún náà lè ra àrán tàbí sányán wá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kú ń wúwo sí i. Ẹ jẹ́ kí a wo ère ìbejì pẹ̀lú. Ìyá rẹ̀ a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, a máa fún un ní oúnjẹ, títí ojú àti imú ère náà yóò fi dán, tí a kò ní mọ ibi tí ìpéǹpéjú ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ òpó ojúbọ ni ikán jẹ ní ẹsẹ̀, a ó tún ránṣẹ́ pe gbẹ́nàgbẹ́nà kí ó gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀.

Ìtọ́jú yìí ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kò bẹ̀rù kí ara ohun yí padà. Ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù ni orúkọ, nítorí pé ọdọọdún ni a ń ki egúngún náà, a ń ki ẹni tí ó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, a sì ń pe àwọn baba tí ó ti gbé e rí. Ìwé ìkọsílẹ̀ wọn wà lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé àti ọmọ oṣù, ẹni tí ó bá sì ṣì í kà, àwọn àgbà yóò tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó kù sí. Bí àwọn ọmọ ilé bá gba ẹ̀sìn mìíràn, tí wọ́n sì kó lọ sí òde ìlú, tí ìyá arúgbó tí ó mọ oríkì sì kú, òpin dé bá ìtọ́jú náà lójijì. Ikán kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ikán kò bá sì jẹ ẹ́, oníṣòwò lè wá ní alẹ́, kí ọmọ kan tí ebi ń pa gbé e jáde fún un láti ẹ̀yìnkùlé. Láti ọjọ́ náà ni ohun tí ó ní ilé ti di ohun tí kò ní ilé.

Ìtọ́jú ti mùsíọ́mù

Ní ọdún 1943 ni ìjọba fi Kenneth Murray, tí ó ti wá sí Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní 1927, ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní 1945 a ṣí mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní Èṣìẹ́, nítorí àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀, tí iye wọn lé ní 1,000. Ní 1953 a ṣe òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ní 1954 a ṣí mùsíọ́mù Ilé-Ifẹ̀, ní 1957 a ṣí ti Èkó. Ní 1979 ìjọba ológun fi òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ọdún náà dá Àjọ tí ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìrántí sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Ìbàdàn pàápàá ní tirẹ̀: àwọn ohun ọnà tí Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ Áfíríkà ti Yunifásítì Ìbàdàn kó jọ láti ìgbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1962, àti Mùsíọ́mù Ìṣọ̀kan ti ìjọba àpapọ̀.

Iṣẹ́ tí ń lọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò hàn sí ẹni tí ó san owó ìwọlé tí ó wo ère díẹ̀ tí ó sì jáde. Ohun tí a gbé síta kì í ju díẹ̀ lára ohun tí ó wà nínú yàrá ìpamọ́. Bí ohun kan bá wọlé, a ó fún un ní nọ́ńbà, a ó kọ nọ́ńbà náà sí i lára níbi tí kò ti hàn, a ó wọ̀n ọ́n, a ó yà á ní fọ́tò níwájú àti lẹ́yìn, a ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá tí kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ilé. Lẹ́yìn náà ni ogun bẹ̀rẹ̀, àwa àti ojú ọjọ́. Ọyẹ́ a máa mú igi gbẹ títí yóò fi là. Òjò a máa mú un wú, a sì máa mú aṣọ bu. Ìmọ́lẹ̀ a máa jẹ aró kúrò lára aṣọ díẹ̀díẹ̀, aró tí ó bá sì ti lọ kì í padà. Nítorí náà ni àwọn olùtọ́jú fi ń dín iná tí ó ń tan sára aṣọ kù dé ìwọ̀n 50 lux, èyí tí kò ju ìmọ́lẹ̀ yàrá tí a fa aṣọ fèrèsé sí. Kòkòrò tí ń jẹ igi àti èyí tí ń jẹ aṣọ ń fẹ́ àbẹ̀wò ní gbogbo ìgbà. Òógùn ọwọ́ ènìyàn pàápàá a máa ba idẹ jẹ́, ìbọ̀wọ́ ni a fi ń gbé e. Ó sì yẹ kí a máa ka gbogbo ohun tí ó wà nílé lọ́kọ̀ọ̀kan lóòrèkóòrè, kí a fi wé ohun tí ó wà nínú ìwé.

Iṣẹ́ tí ó ṣòro ni, owó tí a sì ń ná sí i kò pọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìtọ́jú méjèèjì wéra. Agbo ilé pa orúkọ mọ́, ó sì jẹ́ kí ara máa yí padà. Mùsíọ́mù pa ara mọ́, ó sì jẹ́ kí orúkọ lọ. Bí ojú ère ìbejì bá dán, mùsíọ́mù lè kọ sínú ìwé pé ó ti bàjẹ́ níbi ojú. Àwa mọ̀ pé kò bàjẹ́: ọwọ́ ìyá ni ó wà níbẹ̀.

Àkọlé fúnra rẹ̀

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ka àkọlé kan. Èyí tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí kì í ṣe ti mùsíọ́mù kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ní ilẹ̀ yìí tàbí ní òkè òkun, yóò mọ̀ ọ́n:

Òpó. Yorùbá, Nàìjíríà. Igi àti ọ̀dà. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún tàbí ogún.

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò. “Òpó”: òpó ààfin ni, tàbí ti ojúbọ, tàbí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọlọ́lá? “Yorùbá”: láti Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu dé Ọ̀wọ̀ àti Èkìtì, Yorùbá ni wọ́n ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ kò jẹ́ ṣi òpó Èkìtì mú ní ti Ọ̀yọ́. “Igi”: igi wo? Ìrókò ni tàbí apá? Agbẹ́gilére kì í déédéé gé igi, ìdí wà tí ó fi mú ọ̀kan tí ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ní ti ọdún, àbá ni a dá. Ta ni ó gbẹ́ ẹ? Àkọlé dákẹ́. Bí ẹnìkan bá ṣe àkójọ ewì Yorùbá, tí ó sì kọ sábẹ́ ìjálá kan pé, “Ewì. Yorùbá. Ẹnu ni a fi ń sọ ọ́,” ṣé a kò ní fi ọwọ́ kọ ìwé rẹ̀? Ṣùgbọ́n a gba èyí fún iṣẹ́ ọnà láìjiyàn.

Àwọn kan yóò sọ pé àyè kò sí lórí ìwé pélébé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí tí àkọlé fi kúrú ni pé káàdì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣófo, káàdì sì ṣófo nítorí pé ní ọjọ́ tí a ra ohun náà, kò sí ẹni tí ó bèèrè. Ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kò fẹ́ mọ̀, oníṣòwò kò sì fẹ́ sọ, nítorí pé orúkọ agbo ilé lè fa ọlọ́pàá wá.

Ẹ wo bí orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti rí. Ọ̀gá agbẹ́gilére ni ní ilẹ̀ Èkìtì, ó kú ní 1938. Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn tí ó wà ní ààfin Ògògà Ìkéré. Ní 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní Ìlú Ọba. Mùsíọ́mù Ìlú Ọba rí i, ó wù wọ́n, wọ́n sì fi ìjókòó ọba kan tí a ṣe ní ilẹ̀ wọn ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wà lọ́dọ̀ wọn títí di òní. Ní 1988, ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ tí ó ṣì wà láyé. Iṣẹ́ tí ó ṣe, ìlú tí ó ti ṣe é àti àwọn ọba tí ó ṣe é fún wà nínú oríkì yẹn. Ẹ kíyè sí i: ohun tí kò sí nínú káàdì mùsíọ́mù, ó wà lẹ́nu opó nínú ilé. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá náà ti kú ní 1987 ńkọ́?

Èkejì sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1998 ẹ̀kú egúngún kan bọ́ sọ́wọ́ Mùsíọ́mù Brooklyn ní New York. Aṣọ tí ó wà lára rẹ̀ lé ní 300, ti ilẹ̀ wa, ti Yúróòpù àti ti Éṣíà. Ó ti tó ogún ọdún tí ó ti wà lọ́dọ̀ wọn kí olùtọ́jú kan níbẹ̀ tó pinnu láti wá ilé rẹ̀ kàn. Ìwádìí náà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì dé agbo ilé Lekewọgbẹ, níbi tí a ti dá a láàárín nǹkan bí 1920 sí 1948. Ní 2019 ni wọ́n ṣe àfihàn rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo, pẹ̀lú orúkọ àti ìtàn rẹ̀. Mo gbóríyìn fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ó dá ìbéèrè mìíràn sílẹ̀ tí àkọlé kúkurú kì í jẹ́ kí a bèèrè: bí a bá ti mọ ilé ọmọ, kí ni ó ń ṣe ní ìta? N kò sọ pé ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Mo sọ pé ìgbà tí a kọ orúkọ ni a tó lè bèèrè rẹ̀.

Ohun tí àìkọsílẹ̀ ń ná wa

Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ iyì lásán ni mo ń sọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí Frobenius kúrò ní Ìbàdàn, ó lọ sí Ifẹ̀, ó sì ra orí idẹ kan tí à ń pè ní Orí Olókun ní pọ́n-ùn mẹ́fà. Ọ̀ràn di ẹjọ́, ìjọba òyìnbó sì mú kí ó dá a padà. Ní 1949 William Fagg àti Leon Underwood kọ̀wé pé orí tí ó wà ní Ifẹ̀ kì í ṣe ojúlówó, pé àdàkọ ni. Láti ìgbà náà ni ẹ̀sùn ti ń fò kiri: ṣé Frobenius ni ó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí ẹlòmíràn ni? Ní 2013 a tẹ àyẹ̀wò tuntun jáde tí ó tún ẹjọ́ náà dá, tí ó sì fara mọ́ ọn pé ó jọ ojúlówó. Ọdún 64 ni ìlú kan fi gbé iyèméjì lórí ohun tirẹ̀. Ìbá ṣe pé ní ọjọ́ tí a gba orí náà padà ni a ti wọ̀n ọ́n, tí a yà á ní fọ́tò, tí a kọ àmì ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, iyèméjì kì bá tí ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé.

Ẹ fi wé èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938, nígbà tí àwọn tí ń wa ilẹ̀ fún ìpìlẹ̀ ilé kan àwọn orí idẹ. Mẹ́ta nínú wọn jáde kúrò nílùú. Méjì lọ sọ́dọ̀ William Bascom ará Amẹ́ríkà, ó sì dá wọn padà ní 1950. Ọ̀kan wà ní Mùsíọ́mù Ìlú Ọba láti 1939. A mọ iye tí ó jáde, a mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lọ, a sì mọ èyí tí kò tíì dé. Ìwé ni ó jẹ́ kí a mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí olè jà ní mùsíọ́mù Ifẹ̀ ní 1993 àti 1994, àwòrán ohun tí a jí ni a tẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri ayé, a sì rí díẹ̀ gbà padà. Ohun tí kò bá ní fọ́tò, tí kò ní nọ́ńbà, tí kò ní ilé nínú ìwé, bí a bá rí i lọ́jà ní òkè òkun, kí ni a ó fi sọ pé tiwa ni?

Ohun tí kò yẹ kí a kọ

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò kọminú sí ọ̀rọ̀ mi. Wọn yóò ní, ṣé gbogbo ohun ni a ń kọ? Òdodo ni wọ́n sọ. Ní Ìbàdàn yìí a ní Olóòlù ti Òdè Ajé, egúngún tí obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn. Bí mùsíọ́mù kan bá gbé irú ẹ̀kú bẹ́ẹ̀ síta tí ó sì tan iná sí i kí ọmọdébìnrin ilé ìwé máa wò ó, kò tọ́jú rẹ̀, ó ti bà á jẹ́, bí kòkòrò kan kò tilẹ̀ jẹ okùn aṣọ rẹ̀. Nítorí náà èèwọ̀ ohun kan jẹ́ ara ìtọ́jú rẹ̀ bí ọyẹ́ àti òjò ti jẹ́. Ó yẹ kí àyè wà lórí káàdì tí a ó kọ sí pé: ẹni báyìí ni ó lè rí i, àsìkò báyìí ni a lè gbé e jáde, ohun báyìí ni a kò gbọdọ̀ sọ níwájú rẹ̀. Kí a kọ pé awo wà níbẹ̀, kí a sì fi awo náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Ibi tí ó kàn wá

Títí di ibí yìí, òyìnbó àti oníṣòwò ni mo ti ń bá wí. Ó kù àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a ti ń kọ orúkọ ohun ọnà wa, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́, bí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá sì wọ ibẹ̀, kò ní àmì. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe. Bí a bá rí “osun” lórí káàdì, kí ni? Ó lè jẹ́ Ọ̀ṣun tí í ṣe òrìṣà odò, kí ohun náà jẹ́ ti ojúbọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ osùn tí a fi ń pa ara, kí igbá náà jẹ́ igbá osùn. Ó sì lè jẹ́ òsùn, ọ̀pá irin tí babaláwo ń gún mọ́lẹ̀. Òrìṣà, ìkunra àti ọ̀pá irin ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó mọ́ra, nítorí pé olùkọ̀wé kò fi àmì sí orí àti ìdí ọ̀rọ̀. Àwa tí a ń jiyàn lórí àmì ohùn nínú kíláàsì kò rò pé ó lè ṣe ohun kan láyé. Ó lè sọ ère padà sí ojúbọ tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé iṣẹ́ mùsíọ́mù kì í ṣe ti oníkẹ́míkà àti awalẹ̀pìtàn nìkan. Ti ẹni tí ó mọ èdè ni pẹ̀lú. Agbo ilé pọ̀ láti Bẹẹrẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Ọjà'ba, àti láti Mápó, níbi tí gbọ̀ngàn tí a ṣí ní 1929 ti ń wo ìlú láti òkè, títí dé Bẹyẹrúnká. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ kò nílò owó ìjọba kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó mú ìwé àti gègé, kí ó wọ ilé baba rẹ̀, kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: Kí ni orúkọ ohun yìí? Ta ni ó ṣe é, ọmọ ibo sì ni? Ta ni ó gbé e wọ ilé yìí? Báwo ni a ti ń kì í? Báwo ni a ti ń tọ́jú rẹ̀, kí sì ni èèwọ̀ rẹ̀? Bí àwọn àgbà bá gbà, kí ó yà á ní fọ́tò. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ó dúpẹ́, kí ó sì kọ pé wọ́n kọ̀. Kí ó fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀. Kí ó ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ mọ́gàjí, kí èkejì wà níbi tí a ti ń pa ìwé mọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kọ́ sí ojú ọjà ibi tí ohun olówó iyebíye wà, kí ó má baà di afọ̀nàhan olè.

Olùkọ́ ilé ìwé lè fi èyí ṣe iṣẹ́ ìsinmi fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Mùsíọ́mù ní tirẹ̀ lè ṣí àpótí káàdì rẹ̀, kí ó jẹ́ kí àwọn tí ó mọ èdè àti àwọn àgbà agbo ilé jọ kà á, kí wọ́n sì kún ibi tí ó ṣófo. Kò sí ìkankan nínú èyí tí yóò dá ikán dúró. Ṣùgbọ́n bí ikán bá jẹ igi tán tí orúkọ kù, gbẹ́nàgbẹ́nà lè gbẹ́ òmíràn, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Bí orúkọ bá lọ tí igi kù, kò sí ẹni tí ó lè gbẹ́ orúkọ.

Mo tún padà sí àwòrán Agbeni. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Arriens ti yà á, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì ṣá nínú ìwé. Àwọn òpó náà dúró níbẹ̀ bí àlejò tí ó wọlé tí ẹnikẹ́ni kò bi ní orúkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa ni a ń gbé inú ilé náà, àwa ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ kí wọn.